Bọ́ọ̀lù dúdú 500 tí mo dà sínú táńkì ewúrẹ́ mi: mo ti lò ó fún oṣù mẹ́rin, ẹ wá gbọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Látìgbà tí mo ti fi fọ́tò táńkì omi mi sórí status ni àwọn kan ti ń bi mí pé kí ni gbogbo nǹkan dúdú rogodo-rogodo tó bo ojú omi yẹn, ẹnì kan tiẹ̀ ní ṣé àgbálùmọ̀ tó ti jóná ni. Àgbálùmọ̀ kẹ̀! Níbo ni mo ti máa rí àgbálùmọ̀ débi tí màá fi dà á sómi? Bọ́ọ̀lù ni o. Bọ́ọ̀lù oníke tí inú ẹ̀ ṣófo, shade balls ni wọ́n ń pè é níbí, iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó léfòó kó bo ojú omi kí oòrùn àti atẹ́gùn má baà kó omi yẹn lọ. Mo ra 500, mo ti ń lò ó láti oṣù kẹfà, a ti wọ oṣù kẹwàá báyìí, mo wọ̀n ọ́n, mo ṣírò ẹ̀, mo sì bá olùtajà kan jà lórí ẹ̀, torí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀ dáadáa.

Ibi tí mò ń gbé ló jẹ́ kí n nílò ẹ̀, kí n yáa sọ ìyẹn ná. Lancaster la wà, ní California. Abẹ́ Los Angeles County ló wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa gun òkè, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa, aṣálẹ̀ Mojave nìyẹn. Òjò tí a ń rí lọ́dún kan gbáko kì í sábà ju íǹṣì 7 tàbí 8 lọ, òjò ọ̀sẹ̀ méjì péré l'Ékòó nínú oṣù kẹfà lè jù bẹ́ẹ̀. Oòrùn ilé wa ń mú èèyàn làágùn, tibí ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ làágùn, òógùn yẹn ti gbẹ kó tó kán. Tó bá wá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn á dé, atẹ́gùn tó ń gbé àga oníke fò. Ilẹ̀ tí a rà ò ní páìpù, kò ní kànga, ọkọ̀ tánkà ló ń gbé omi wá fún wa, gálọ́ọ̀nù 2,000 lẹ́ẹ̀kan, dọ́là 160. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo sá fún tánkà olómi ní Ìyànà-Ìpájà, mo fò kọjá òkun, mo tún bá tánkà olómi pàdé.

Omi tí à ń mu àti èyí tí à ń fi wẹ̀ wà nínú táńkì oníke tó ní ọmọrí, ìyẹn ò ní wàhálà. Táńkì kejì ni wàhálà, bàsíà onírin ńlá róbótó tí àwọn tó ń sin màlúù máa ń lò, fẹ́ẹ̀tì 8 ni fífẹ̀ ẹ̀, fẹ́ẹ̀tì 2 ni jíjìn ẹ̀, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Ewúrẹ́ mẹ́fà mi ń mu níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fa omi sí oko ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata rodo díẹ̀. Nígbà ooru ọdún tó kọjá mo kíyè sí i pé omi inú táńkì yìí ń lọ sílẹ̀ lọ́nà tí ò yé mi. Mo ní ó ń jò. Mo da gbogbo omi inú ẹ̀ nù (ẹ wo òmùgọ̀, omi olówó iyebíye), mo fi sílíkóònù lẹ gbogbo ìdí ẹ̀ yí po, mo tún bu omi kún un, ó tún ń lọ sílẹ̀. Ìyàwó mi ní Sẹ́nétọ̀ ni, òbúkọ wa, ó ní ìmukúmu ẹ̀ ti pọ̀ jù. A dá òbúkọ lẹ́bi fún bí i ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bàbá Mẹ́síkò kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa ló gbà wá. Ó ní kí n bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sórí búlọ́ọ̀kù nínú táńkì yẹn gan-an, kí ojú omi méjèèjì dọ́gba, kí n fi máákà fa ìlà sí ara méjèèjì, kí n sì ti àwọn ewúrẹ́ mọ́lé kúrò níbẹ̀. Tí táńkì bá lọ sílẹ̀ ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó ń jò nìyẹn. Tí wọ́n bá jọ lọ sílẹ̀ bákan náà, oòrùn ni. Mo ṣe é fún ọjọ́ méje. Wọ́n jọ lọ sílẹ̀ bí ìbejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, láìsí ẹnì kankan tó fọwọ́ kàn án. Mo lọ bẹ Sẹ́nétọ̀.

Kò sì yẹ kó yà mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀ o, torí Sókótó ni mo ti ṣe agùnbánirọ̀, lásìkò ọyẹ́ ibẹ̀ ẹ máa sá aṣọ tútù sórí okùn, kí ẹ tó sá èyí tó kẹ́yìn tán èyí àkọ́kọ́ ti gan. Àti pé ilé ìyá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n láìmọ̀ pé a mọ̀ ọ́n. Àmù omi ẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ níbi tí oòrùn ò ti lè dé, ó ní ọmọrí, ẹni tó bá bu omi tí ò dé e padà á gbọ́ ẹnu ẹ̀. Omi inú ẹ̀ máa ń tutù bí i pé ó ti fìríìjì wá. Ohun tó sì ń mú un tutù ni pé ara amọ̀ yẹn ń làágùn díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ń gbẹ omi tó yọ síta lára ẹ̀, bó ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru inú àmù lọ. Ẹ rí i pé ohun kan náà tó ń jí omi mi níbí ló ń ṣiṣẹ́ fún ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n tiwọn ń gba ara àmù jáde ní ìwọ̀nba, tèmi ń gba ojú táńkì fẹ́ẹ̀tì 8 jáde, oòrùn ń tì í, atẹ́gùn gbígbẹ ń fà á. Ibi tí ojú omi bá fẹ̀ sí ni olè ti ń rọ́nà wọlé, jíjìn ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Ó yá, bọ́ọ̀lù.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, dọ́là 140 fún 500, mo rò pé mo jẹ àjẹmọ́nu. Fọ́tò tí wọ́n gbé síbẹ̀ dára, bọ́ọ̀lù dúdú tó ń dán, íǹṣì 4. Èyí tó dé ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má pé íǹṣì 3, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹyin, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ó ti wọnú. Mo ní kò burú, mo dà á sínú omi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo wò ó, inú mi dùn. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ atẹ́gùn dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́ọ̀lù gbéra nílẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n lé! Wọ́n ń ta gìdìgìdì gba àárín ọgbà, àwọn kan há sí wáyà, àwọn kan sọdá sí ilé aládùúgbò, ajá aládùúgbò rò pé ọjọ́ ìbí òun ni. Mo ṣa èyí tí mo lè ṣa, ó lé ní 70 tí mi ò rí mọ́. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti íméèlì mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dá ìdajì owó padà, wọ́n ní èmi ló yẹ kí n ti mọ̀ pé atẹ́gùn ń fẹ́ ní àdúgbò mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn tí mo ti wá mọ̀ ni pé ojúlówó ẹ̀ máa ń ní omi nínú. Wọ́n á bu omi díẹ̀ sínú bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dí i pa, omi yẹn ló ń mú un jókòó. Tí ẹ bá gbé e sétí tí ẹ mì í, ẹ máa gbọ́ ọ. Èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì rí bẹ́ẹ̀, íǹṣì 4 gidi, ó tó ọsàn ńlá kan, dọ́là 260 fún 500, ó sì ní àmì NSF 61 lára páálí ẹ̀, ìyẹn àmì tó ń sọ pé nǹkan náà ṣe é kan omi mímu. Ẹ wá àmì yẹn tí ohun ẹlẹ́mìí kan bá máa mu nínú omi náà, ewúrẹ́ náà ohun ẹlẹ́mìí ni. Nǹkan bí 480 ló kún ojú táńkì mi, ìyókù wà nínú gáráàjì. Atẹ́gùn ti dé bí i ìgbà 30 látìgbà yẹn, wọ́n máa ń rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á máa ta ara wọn kó-kó-kó, tó bá rọlẹ̀ wọ́n á tún tò padà fúnra wọn. Kò tíì sí èyí tó jáde.

Ìwọ̀n tí mo ṣe nìyí. Ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù keje láìsí bọ́ọ̀lù, mo ti àwọn ewúrẹ́ mọ́lé, mo fún wọn lómi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn, mo ti fọ́ọ̀fù oko pa: íǹṣì mẹ́ta ó dín díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ooru ò yàtọ̀: kò pé íǹṣì kan. Mo tún un ṣe nínú oṣù kẹjọ, ibi kan náà ló já sí. Íǹṣì méjì lọ́sẹ̀ kan ló gbà sílẹ̀ fún mi, tí ẹ bá sọ ìyẹn di gálọ́ọ̀nù fún táńkì tó fẹ̀ tó tèmi, ó lé ní 60. Ẹni tó kọ ọ́ sára páálí pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa gbà sílẹ̀ ń fẹ́ ta ọjà ẹ̀ ni jàre. Bí ẹ ṣe máa to ọsàn sórí tíréè, bó ti wù kẹ́ ẹ to ó tó, àlàfo á wà láàárín ọsàn mẹ́ta, nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ojú omi ṣì wà ní ìhòòhò, oòrùn mọ̀ ọ́n, atẹ́gùn náà mọ̀ ọ́n. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni tèmi, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí fídíò ọkọ̀ tó ń da bọ́ọ̀lù dúdú wìì sílẹ̀ láti orí òkè sínú odò ńlá, ibi tí mo ti gbọ́ ọ nìyẹn, kò sì jìnnà sí wa. Ojú ọ̀nà 14 ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ẹ máa rí Lake Palmdale lápá ọ̀nà, omi pẹrẹsẹ lábẹ́ oòrùn, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé Sylmar ẹ máa rí ibi tí omi Los Angeles Aqueduct, ìyẹn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ láti gbé omi wá sí Los Angeles láti òkèèrè, ti ń ya sọ̀ kalẹ̀ lára òkè, èyí tí ẹnjiníà William Mulholland gbẹ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1913. Nítòsí ibẹ̀ ni Los Angeles Reservoir, ibùdó omi mímu ìlú náà, wà, 175 éékà. Ní August 10, 2015, nígbà ọ̀dá, Eric Garcetti tó jẹ́ olórí ìlú nígbà yẹn lọ síbẹ̀, wọ́n da bọ́ọ̀lù 20,000 tó kẹ́yìn sínú ẹ̀, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 96 mílíọ̀nù. Sẹ́ǹtì 36 ni bọ́ọ̀lù kan, gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 34.5. Wọ́n ní ó máa gba 300 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi sílẹ̀ lọ́dún kan, gbogbo ayé sì gbà pé torí ọ̀dá ni wọ́n ṣe rà á.

Torí ọ̀dá kọ́ o. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí torí ó kan bóyá kí ẹ rà á tàbí kẹ́ ẹ má rà á. Lọ́dún 2007 wọ́n rí i pé omi inú àwọn ibùdó omi méjì ní Los Angeles, Silver Lake àti Elysian, ti ní nǹkan kan tó ń jẹ́ bromate nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Bromide wà nínú omi fúnra ẹ̀, kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ tí chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò omi bá pàdé ẹ̀, tí oòrùn wá ràn sí àwọn méjèèjì, ó di bromate nìyẹn, wọ́n sì fura pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ọ̀ràn náà kò ju pé kí oòrùn má kan omi lọ. Onímọ̀ ẹ̀dá alààyè kan níbi iṣẹ́ omi wọn, Brian White, ló rántí pé àwọn pápákọ̀ òfúrufú máa ń da bọ́ọ̀lù sínú omi kí ẹyẹ má baà bà síbẹ̀ kó lọ kọlu bàálù. Lọ́dún 2008 wọ́n da 400,000 sínú ibùdó omi Ivanhoe kí wọ́n tó dé ti Sylmar. Òfin ìjọba àpapọ̀ náà sì ní kí wọ́n bo omi mímu tó là sílẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ fi ráńbà ńlá bo ti Sylmar, owó ẹ̀ máa ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Nítorí náà owó pọ́ọ́kú ni owó bọ́ọ̀lù lójú wọn. Kí omi má gbẹ jẹ́ èlé lórí ẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù sínú omi náà dín kù, ìyẹn náà èlé. Dídúdú ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, nǹkan dúdú bí èédú tí wọ́n pò mọ́ ike yẹn ni kì í jẹ́ kí oòrùn tètè jẹ ike náà, funfun ì bá ti fọ́ wẹ́wẹ́.

Kí ni mo fẹ́ fà yọ? Pé tí ẹ bá rí ìlú ńlá tó ra nǹkan, ẹ bèèrè ìdí tó fi rà á, kẹ́ ẹ tó ní ẹ̀yin náà á rà á.

Nǹkan míì tún wà tó dùn mí nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn tí mo ti sanwó. Lọ́dún 2018 àwọn olùṣèwádìí kan gbé iṣẹ́ kan jáde, Kaveh Madani wà lára wọn, Arjen Hoekstra náà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣírò omi tí wọ́n lò láti fi ṣe bọ́ọ̀lù yẹn gan-an, torí epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe ike, iná mànàmáná náà wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ omi. Wọ́n ní omi tí wọ́n fi ṣe 96 mílíọ̀nù bọ́ọ̀lù tó nípọn mìlímítà 5 tó kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 2.9, nígbà tí èyí tí bọ́ọ̀lù gbà sílẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2015 títí di oṣù kẹta 2017, tí ọ̀dá fi parí, jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7. Ìyẹn ni pé omi ẹlòmíì ní ibòmíì ni wọ́n ná láti fi gba omi Los Angeles sílẹ̀, ó sì máa tó ọdún méjì àtààbọ̀ lórí omi kí bọ́ọ̀lù tó san gbèsè omi tó jẹ.

Mo wá ṣírò tèmi. 2.9 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà fún bọ́ọ̀lù 96 mílíọ̀nù jẹ́ nǹkan bí lítà 30 fún bọ́ọ̀lù kan. Ẹ gbọ́ lítà 30! Jẹ́rìkáànì odidi kan àti díẹ̀ fún bọ́ọ̀lù tó tó ọsàn. Tí tèmi bá nípọn tó tiwọn, 500 jẹ gálọ́ọ̀nù tó tó 4,000 kó tó dé ẹnu ọ̀nà mi. Èmi ń rí nǹkan bí 62 gbà lọ́sẹ̀ kan, ká ní ọ̀sẹ̀ 26 tó gbóná nínú ọdún, ìyẹn lé díẹ̀ ní 1,600. Ọdún méjì àtààbọ̀ náà ló já sí, bí ẹni pé a jọ jókòó ṣe é. Nígbà òtútù ó ṣì máa gba díẹ̀ sílẹ̀ àmọ́ kò pọ̀.

Owó wá ńkọ́? Gálọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ tánkà jẹ́ sẹ́ǹtì 8 fún mi, 1,600 jẹ́ dọ́là 128 lọ́dún, nítorí náà dọ́là 260 yẹn máa padà sápò mi láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Palmdale tó ń lo omi páìpù, tiẹ̀ ò pé sẹ́ǹtì kan fún gálọ́ọ̀nù, ó rí táńkì mi, ó ní òun náà fẹ́ rà fún odò kékeré tó gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo jókòó pẹ̀lú ẹ̀, mo ṣírò ẹ̀, ó máa lé ní ọdún 16 kó tó rí owó ẹ̀ padà, bọ́ọ̀lù ò sì dájú pé ó máa ju bí i ọdún mẹ́wàá lọ lábẹ́ oòrùn yìí. Mo ní kó ra àwọ̀n dúdú tí wọ́n fi ń ṣíji bo irúgbìn, dọ́là 40, kó ta á lé orí òpó mẹ́rin, ó máa dín oòrùn kù, ó máa dín atẹ́gùn kù díẹ̀. Ó ní kò rẹwà bí i bọ́ọ̀lù. Èmi kọ́ ló kàn mọ́.

Kí ló dé tí èmi ò fi lo àwọ̀n tàbí pátákó? Mo ti lo pátákó. Àwọn ewúrẹ́ gun orí ẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́fà lórí plywood kan, ẹ lè ro ibi tó parí sí, ọ̀kan wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọ̀n ní tiẹ̀, atẹ́gùn fà á ya láàárín oṣù kan. Bọ́ọ̀lù nìkan ló jẹ́ pé ewúrẹ́ lè fi imú tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó mu omi, kó gbé orí sókè, kí ojú omi sì padé padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rù ẹ̀, wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán wọ́n ń wò ó bí ẹni tó rí egúngún lọ́sàn-án. Sẹ́nétọ̀ ló kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wakọ̀ ní Las Vegas ní tó bá dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìjọba ò da á sínú Lake Mead, adágún ńlá tó wà nítòsí wọn, níbi tí omi ti lọ sílẹ̀ débi tí ara òkúta funfun yí i ká bí ìdọ̀tí ara bàfù. Ìbéèrè gidi ni, torí lóòótọ́ nǹkan bí fẹ́ẹ̀tì 6 ni ojú omi yẹn ń pàdánù sínú afẹ́fẹ́ lọ́dún kan, ẹ fojú inú wo omi tó jìn ju èmi fúnra mi lọ lórí gbogbo adágún yẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tó bá kún, Lake Mead fẹ̀ tó éékà 158,000, ìyẹn bí i ìlọ́po 900 ti Sylmar. Bọ́ọ̀lù ẹ̀ máa lé ní bílíọ̀nù 86, ní sẹ́ǹtì 36 ó ti lé ní bílíọ̀nù 31 dọ́là. Ọkọ̀ ojú omi ò ní rìn, ẹja á máa wo òkè kò ní rí ọ̀run, ìjì kan péré tó bá jà, bọ́ọ̀lù á dé Arizona. Ó ní ṣé kò sí nǹkan míì ni. Ó wà, àwọn ará Australia ti gbìyànjú ẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, wọ́n á da nǹkan bí ọ̀rá tó ń jẹ́ cetyl alcohol sójú omi, ó máa tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi tí ojú ò lè rí i, omi ò ní rí ọ̀nà jáde dáadáa. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú àwo. Lórí adágún, atẹ́gùn á gbá a jọ sí etí omi. Àwọn Íjíbítì ní tiwọn ò tiẹ̀ bá a jà, nígbà tí àwọn àti Sudan ń pín omi Nile lọ́dún 1959, nínú bílíọ̀nù 84 kúbíìkì mítà, wọ́n mú 55.5 fún Íjíbítì, 18.5 fún Sudan, wọ́n sì ya 10 sọ́tọ̀ fún èyí tó máa gbẹ tàbí tó máa wọlẹ̀ lọ nínú adágún tí wọ́n fẹ́ dí ní Aswan. Oòrùn ní ìpín tiẹ̀ nínú ìwé àdéhùn bí ọmọ bíbí inú ilé.

Àléébù ẹ̀, kí n má gbàgbé. Eruku aṣálẹ̀ máa ń bà lé e lórí, tó bá yí padà eruku yẹn wọnú omi, nítorí náà ẹ̀rọ̀fọ̀ díẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ táńkì, oṣù méjì-méjì ni mo ń fọ̀ ọ́, kíkó bọ́ọ̀lù 480 jáde àti dídà wọ́n padà á gba ìdajì ọjọ́, ẹ wá ọmọdé tó fẹ́ràn eré. Tí ẹ bá fẹ́ wo bóyá omi ti lọ sílẹ̀, ẹ ò ní rí ojú omi, ẹ gbọ́dọ̀ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ike ni, ike ló máa jẹ́, lọ́jọ́ kan ó máa gbó, mo sì máa wá ibi tí màá kó o sí. Ohun tó ṣe mí láǹfààní tí mi ò retí ni pé àwọn nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára irin yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á.

Ìràwọ̀ tí mo fún un: èyí tó lómi nínú, mẹ́rin nínú márùn-ún, tó bá jẹ́ pé tánkà ló ń gbé omi wá fún yín tàbí pé kànga yín kì í sun tó. Tó bá jẹ́ omi páìpù, méjì, ẹ ra àwọ̀n. Èyí tó fúyẹ́ bí èèpo ẹyin, òdo.

Tẹ́lẹ̀, nígbà ooru, ọjọ́ 18 sí 20 ni tánkà fi ń padà wá, oko àti ewúrẹ́ àti àwa náà. Lọ́dún yìí ó ti ń di ọjọ́ 22, 23. Awakọ̀ tánkà bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mo ti rí olómi míì tó ń gbé omi wá fún mi, mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ó wo bọ́ọ̀lù, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó wọ ọkọ̀ ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ yẹn, mọ́kànlá ló ṣì wà lọ́dọ̀ ajá aládùúgbò wa. Ó ti rì wọ́n mọ́lẹ̀ káàkiri ọgbà wọn, ìyá aládùúgbò ní òun ṣì ń hú wọn jáde bí i iṣu.